Láti Ilora Dé Ẹnu Géètì Ara Mi

Àwọn kan ti rìnrìn àjò lọ sí Mẹ́kà, àwọn kan ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun sì ń fi àwòrán yìnyín ránṣẹ́ sí wa lójoojúmọ́. Èmi náà rìnrìn àjò tèmi. Ilora ni mo ti gbéra, Fìdítì ni mo sì gúnlẹ̀ sí. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ò rìn jìnnà, mo sì rí i.

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo jáde nílé Àǹtí mi ní Ilora ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àǹtí mi yìí, àbúrò ìyá mi ni, díákónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, kì í sì í jẹ́ kí àlejò jáde nílé rẹ̀ lófìfo. Ó ti jí ṣáájú mi, ó ti se iṣu, ó ti di í sínú ọ̀rá pẹ̀lú epo tó níyọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn èèyàn ń wá sí Ilora wá ra iṣu, wọ́n ń wá síbi òkú, wọ́n ń wá síbi ìgbéyàwó, òun ò gbọ́ rí pé ẹnì kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò. Mo ní ìwé ló gbé mi dé ibẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwé sọ mí di wèrè.

Òótọ́ ni, ìwé ló gbé mi débẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti di ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Fìdítì, láti ọdún tó kọjá ni mo sì ti ń lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀, tí mò ń kàwé gboyè máásítà lórí bí a ṣe ń darí ilé-ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, ló fún wa níṣẹ́. Ó ní kí kálukú mú ohun tó ń dà á láàmú jù nílé-ìwé rẹ̀, kó má ṣí ìwé kankan nípa rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó wá kọ ohun tó bá rí. Fíìdì-wọ́kì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kéèyàn dìde lórí àga kó lọ fojú ara rẹ̀ rí nǹkan níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkọ mi, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni, ó ní òun ti ń ṣe fíìdì-wọ́kì láti ọgbọ̀n ọdún, ẹnikẹ́ni ò tíì fún òun ní oyè.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwọn tíṣà tó ń pẹ́. Aago méje ààbọ̀ ni géètì wa ń tì. Tíṣà tí ọ̀sẹ̀ bá kàn ló ń tì í, òun ló sì ń jókòó ti ìwé àwọn tó pẹ́. Èmi ni mo dá ìwé náà sílẹ̀, èmi ni mo fi rúlà là á: ọjọ́, orúkọ, aago, ìdí. Bírò pupa ni wọ́n ń fi kọ ọ́. Tíṣà tí orúkọ rẹ̀ bá wọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní táàmù kan, lẹ́tà ni n ó kọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní Jobele. Mo máa ń fi òfin yìí yangàn níbi ìpàdé àwa ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ẹnu ọ̀nà mi sí géètì náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, bí mo bá tiẹ̀ dúró kí ìyàwó pásítọ̀.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti pé mẹ́ta ni Mísítà Ráfíù, tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Ilora ló ti ń wá lójoojúmọ́. Ó mọ ìṣirò kọ́ débi pé àwọn òbí ń mú ọmọ kúrò nílé-ìwé aládàáni wá bá wa nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé náà wò, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, níbi tí a ti ní kó kọ ìdí, ohun kan náà ló kọ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mọ́tò. Kò sí “ẹ jọ̀ọ́”, kò sí “ẹ má bínú”. Àfojúdi ni mo kà á sí. Mo ti kọ lẹ́tà náà, mo ní kí wọ́n gbé Mísítà Ráfíù lọ sí ilé-ìwé kan ní abúlé, níbi tí ọ̀dà ti tán tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló sì kan Mísítà Ráfíù láti ti géètì. Mo sọ fún ara mi pé bó bá débẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ tó lù, n ó fa lẹ́tà náà ya. Bí kò bá débẹ̀, Jobele ni n ó gbé e lọ lọ́sàn-án. N kò sọ fún un pé mò ń bọ̀, nítorí n kò fẹ́ kó lọ ya mọ́tò ẹlòmíì láti fi tàn mí jẹ.

Ilora ní àárọ̀ kùtù kò jọ Fìdítì. Ní tiwa, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni ẹ óò kọ́kọ́ rí létí ọ̀nà, àwọn obìnrin a sì ti máa pariwo iye rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Ilora, iṣu ni wọ́n tò síbi ìdúró mọ́tò, ẹ̀gẹ́ wà nínú agbọ̀n, àwọn tó ni ín sì jókòó jẹ́ẹ́ tì í bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á kí èèyàn tán kí wọ́n tó béèrè ohun tó ń wá. Nígbà tí mo fi máa dé ibi tí mọ́tò ti ń gbérò, ẹni mẹ́rin ti bá mi béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé mi, kò sì sí èyí tó mọ̀ mí nínú wọn.

Mo ti rò ó pé n ó débẹ̀ ṣáájú Mísítà Ráfíù, n ó farapamọ́ síbì kan, n ó máa wò ó bó ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kan ni mo bá a. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó gbé ìwé àwọn ọmọ lé itan, iná fóònù wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń máàkì ìṣirò. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, fóònù já bọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ìwé ọmọ méjì sì ṣubú sínú erùpẹ̀.

Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí o?”

Mo ní, “Kò sí. Fíìdì-wọ́kì ni mo bá wá.”

Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tí dókítà ní kó la ẹnu.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jọ ń dúró de mọ́tò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúró de mọ́tò láàárọ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní Fìdítì, bí mo bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ìdajì àwọn dẹ́rẹ́bà ló jẹ́ ọmọ tí mo kọ́, wọ́n á ní “Mà, iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó sí.” Ní Ilora, èmi àti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan náà la jẹ́. Àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ti kún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń gbérò ní Ilora sì ń ké “Ìbàdàn! Ìbàdàn!” bí mo bá ti ní Fìdítì ni mò ń lọ, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bi dẹ́rẹ́bà kan tó rọra ń nu gíláàsì rẹ̀ pé kí ló dé.

Ó ní, “Màmá, tẹ́ ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Fìdítì, ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀ dé Ìbàdàn? Atẹ́gùn?”

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni owó Fìdítì, ti Ìbàdàn lé ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú lè san owó Ìbàdàn kó sọ̀ ní Fìdítì, tàbí kó gun ọ̀kadà lọ tààrà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, pẹ̀lú eruku lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí tíṣà ń gbà.

A jẹ iṣu Àǹtí mi pọ̀. Nígbà tí epo ti kan ètè àwa méjèèjì, ẹ̀rù mi dín kù lára rẹ̀ díẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò gbalé sí Fìdítì. Ó ní ojú ìyá òun ti fọ́ láti ọdún méjì, òun sì nìkan ni ọmọ tó wà nílé. Òun máa ń pọn omi àlùwàlá fún un, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kan tó máa ń jẹ́ kó kírun, tó sì máa ń mójú tó o títí òun á fi dé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ọdún mẹ́ta tí mo ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, n kò bi í rí.

Mo ní, “Kí ló dé tó ò kọ ọ́ sínú ìwé?”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ààyè ibẹ̀ kéré, mà.”

Ojú tì mí. Rúlà tí mo fi là á, mo rántí ibi tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì kékeré kan yà, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ yọrí, ó ní òun lè mú ẹnì kan ṣoṣo fún Fìdítì. Mísítà Ráfíù ló kàn. Ó ti dúró tó wákàtí kan ó lé, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé òun ló kàn. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Ẹ wọlé, mà.”

Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé mo kọ̀. Mo ti jókòó kí n tó ronú. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ àwa méjèèjì: òun ò lè jókòó kí ọ̀gá rẹ̀ wà lóòró, èmi náà ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ àyè tí wọ́n bá fún àgbà. A ti ń lọ kí ọkàn mi tó sọ ohun tí mo ṣe fún mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó dúró sójú kan náà, tó gbé ìwé àwọn ọmọ mọ́ àyà, tó ń juwọ́ sí mi. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Ó ní ṣé kí òun gbé e lé orí ni?

Ìyá kan tó gbé agbọ̀n adìẹ lé itan, tó jókòó tì mí, rí i pé ara mi ò balẹ̀, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo rò ó fún un, lẹ́tà àti gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ parí, adìẹ náà gbọ́.

Ó ní, “Ẹ wá wo ohun tó ń mú un pẹ́. Ẹ ti rí i báyìí. Ẹ̀yin ni.”

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé ikùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó lọ wo nǹkan lè fi wíwò náà ba nǹkan ọ̀hún jẹ́. Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé mi, mo tiẹ̀ fàlà sí i nídìí.

Bí a ti ń dé Jobele ni dẹ́rẹ́bà yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ gbé gàrí. Àpò mẹ́ta ni, wọn ò sì tíì rán ẹnu méjì nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń rán an lọ́wọ́, ó jókòó, ó ra àkàrà igba náírà mẹ́rin àti ògì abọ́ kan, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń mu ún, bí ẹni pé ọjọ́ ìsinmi ni. Mo ń wo aago. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo lè rí ọ̀nà tó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, níbi tí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ gbé lẹ́tà lọ wà. Ibẹ̀ dákẹ́, wọ́n ti í pa. Mo sún báàgì mi sí abíyá kejì.

Nígbà tí wọ́n kó gàrí tán, bọ́ọ̀sì kọ̀, kò dáhùn. Dẹ́rẹ́bà ní kí a bá òun tì í. Àwọn ọkùnrin kò ju mẹ́ta lọ, nítorí náà àwọn obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ìyá aládìẹ gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ lágbedeméjì. Èmi náà bọ́ bàtà. Bí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé tó kù ní Afijio bá rí mi lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ní kí n fi ipò alága ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. A ń tì í lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kadà kan dúró tì mí. Mísítà Ráfíù ló wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku ti bo ojú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Aago méje ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó ti bọ́ sílẹ̀ kí ọ̀kadà tó dúró dáadáa. Ó ní, “Ẹ gùn ún, mà. Èmi á bá wọn tì í.”

Mo ní, “Máa lọ.”

“Ẹ ó pẹ́, mà.”

“Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ rẹ ni. Lọ ti géètì mi.”

Kò fẹ́ lọ. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà. Ìyá aládìẹ ló gbà mí, ó ní, “Ọmọ yìí, ìyá ẹ ní kó o máa lọ, o tún dúró?” Ó gùn ún, ó lọ. Inú mi dùn lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé, mo sì padà sídìí bọ́ọ̀sì, mo fi èjìká tì í.

Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kẹta. Ọwọ́ mi dúdú fún òróró. Mo wá ohun tí mo lè fi nù ún, mo ṣí báàgì, lẹ́tà náà ló wà lókè. Mo yọ ọ́ nínú àpòòwé, mo fi nu ọ̀tún, mo fi nu òsì, mo nu ìka kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà ń wò mí, ó bi mí pé ṣé kì í ṣe ìwé gidi lèmi ń bà jẹ́ báyìí. Mo ní rárá, kì í ṣe ìwé gidi.

Láti Jobele dé Fìdítì, n kò rí ohun kan bí kò ṣe igi káṣú àti ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú mi. Oòrùn ti yọ. Nígbà tí a dé ibi tí ọsàn wa ti bẹ̀rẹ̀ létí ọ̀nà, mo ní kí dẹ́rẹ́bà já mi sílẹ̀, ìyá aládìẹ sì fún mi ní ẹyin adìẹ méjì, ó ní kí n fún tíṣà mi. Mo sáré. Obìnrin bíi tèmi, pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́, mo sáré gba ẹ̀yìn ilé ara mi kọjá, ọkọ mi sì yọjú lójú fèrèsé.

Géètì ti tì. Agádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tì í déédéé aago méje ààbọ̀, bàbá ọlọ́dẹ wa ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá tó pẹ́ wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ṣa ewé, èyí tí í ṣe ìjìyà wọn. Wọ́n rí mi, wọ́n dá ewé ṣíṣà dúró. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Mísítà Ráfíù ti nu ojú rẹ̀, ó jókòó níbi tó yẹ kó jókòó. Ó dìde, ó ṣí géètì, ó sì fi ọwọ́ kan ti ìwé àwọn tó pẹ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ wọlé, mà.”

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbé ẹyin méjèèjì lé tábìlì rẹ̀, mo na ọwọ́.

Mo ní, “Gbé ìwé wá.”

Láti ọjọ́ náà mo ti la ìwé mìíràn, mo sì fún ìdí ní ìdajì ojú ìwé. Mo ti sún Mísítà Ráfíù kúrò nídìí iṣẹ́ àárọ̀ sí ti ọ̀sán, kí aago méje ààbọ̀ má bàa dè é mọ́, èyí tí ǹ bá ti ṣe láti ọdún méjì ká ní mo béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ohun tí mo kọ, ó bi mí bóyá wọ́n rí adìẹ náà tà. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìwé àtijọ́ ló ṣì wà. Mo mú bírò pupa, mo kọ ọjọ́, mo kọ orúkọ mi, mo kọ aago. Mo dé ibi ìdí. Mo fẹ́ kọ nípa àyè kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀sì, nípa gàrí àti ògì, nípa bọ́ọ̀sì tí a tì, nípa ìyá kan tí kò ríran tó ń dúró de omi àlùwàlá, nípa ẹni tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi. Ààyè ibẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Àwọn ọmọ ń wò mí. Mísítà Ráfíù ń wo ilẹ̀.

Mo kọ “mọ́tò” sí i, mo dá bírò rẹ̀ padà fún un, mo sì lọ bá àwọn ọmọ ṣa ewé.